Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin oníṣòwò tí ọkọ̀ yín ń dúró lójú òkun Èkó

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ẹ́jẹ́ǹtì tí ẹ ń kílíà ẹrù ní Àpápá, ní Tin Can àti ní Lẹ́kí,

Ẹ kú ìdúró, ẹ kú ìfaradà. Ìbéèrè kan wà tó máa ń ti ọ̀dọ̀ yín wá: "Ọkọ̀ ti dé láti àná, ibi tó máa gúnlẹ̀ sí ti ṣófo, kí ló dé tí páílọ́ọ̀tì ò lọ mú un wọlé?" Ẹ máa ń fi kún un pé dẹ̀mọ́réèjì (owó ìdádúró) ń gùn, pé owó báńkì ń bí èlé, pé ẹja inú yìnyín ò lè dúró de ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. A kọ lẹ́tà yìí láti sọ ohun tí páílọ́ọ̀tì ń dúró dè, ká sì tọ́ka sí ohun kan tó wà ní ìkáwọ́ yín tí kò sí ní ìkáwọ́ tirẹ̀ rárá.

Kì í ṣe gbogbo ìdúró ni ti páílọ́ọ̀tì o. Àwọn àgbà inú yín á rántí ọdún 1975, nígbà tí ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì tò lọ bẹẹrẹ lójú òkun Èkó, ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Èbúté ló kéré nígbà yẹn. Ó di 1977 kí Tin Can tó ṣí. Ti ìwé, ti kọ́sítọ́ọ̀mù àti ti kíréènì tó bàjẹ́ náà wà lọ́tọ̀. Èyí tí a fẹ́ sọ ni ti ọjọ́ tí ìwé pé, tí ibi ìgúnlẹ̀ ṣófo, tí páílọ́ọ̀tì wo ojú omi tó ní, "Kò tíì yá."

Páílọ́ọ̀tì tí à ń wí kì í ṣe ti bàálù; ẹni tó mọ ojú omi Èkó, tó ń darí ọkọ̀ ńlá wọlé ni. Ọ̀gákọ̀ tó gbé ẹrù yín láti Ṣáínà mọ ọkọ̀ rẹ̀ dunjú, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kó má tíì wọ Èkó rí láyé rẹ̀. Òfin Nàìjíríà sọ ọ́ di dandan kí páílọ́ọ̀tì NPA, àjọ tó ń bójú tó èbúté Nàìjíríà, gun ọkọ̀ ńlá kó tó kọjá ẹnu ọ̀nà. Kò gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ọ̀gákọ̀. Ọ̀gákọ̀ ṣì ni olórí, ọrùn rẹ̀ náà sì ni ẹ̀bi ń bọ̀ bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Àmọ́ láti ìta dé ibi ìgúnlẹ̀, ẹnu páílọ́ọ̀tì ni àṣẹ ìtọ́kọ̀ (pátákó ìdí ọkọ̀ tó ń yí i sọ́tùn-ún sósì), ti ẹ̀rọ àti ti àwọn tọ́ọ̀gì (ọkọ̀ kékeré alágbára tó ń ti ọkọ̀ ńlá, tó sì ń fà á) ti ń jáde.

Ẹnu ọ̀nà yẹn ni ká kọ́kọ́ sọ. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ilé ọtí etí òkun ló bí orúkọ Bar Beach. Rárá o. "Bar" ni àwọn òyìnbó atukọ̀ ń pe òkìtì iyanrìn tó sùn sábẹ́ omi lẹ́nu ọ̀sà. Ìgbì tó ń ti gúúsù àti ìwọ̀ oòrùn wá ń wọ́ iyanrìn gba etíkun wa lọ sí ìlà oòrùn, tọ̀sán tòru. Omi ọ̀sà tó ń jáde á pàdé iyanrìn yìí lẹ́nu ọ̀nà, ibẹ̀ ni iyanrìn á sì rọ̀ sí. Láyé àtijọ́, ọkọ̀ ńlá kò lè wọ Èkó nítorí rẹ̀. Ojú òkun gbangba ni wọ́n ti ń já ẹrù sínú ọkọ̀ kékeré, inú àpótí tí wọ́n fi okùn sọ̀ kalẹ̀ sì ni èrò ń jókòó sí kí wọ́n tó bọ́ sínú ọkọ̀ tó máa gbé wọn wá sílẹ̀. Ní 1907 ni ọkọ̀ agbẹ́yanrìn kan tó ń jẹ́ Egerton bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Ní 1908 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta ògiri apá ìlà oòrùn, èyí tí à ń pè ní East Mole. Láti ìgbà náà ni iyanrìn ti ń kó jọ sẹ́yìn West Mole, ògiri apá ìwọ̀ oòrùn, tí òkun sì ń jẹ Bar Beach tí iyanrìn ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́, títí wọ́n fi kọ́ odi òkúta Eko Atlantic síbẹ̀. Iyanrìn yẹn ò gba ìsinmi. Ìdí nìyẹn tí páílọ́ọ̀tì kì í fi gbára lé máàpù ọdún tó kọjá: ìwọ̀n ìjìn omi tí wọ́n wọ̀n kẹ́yìn ló ń béèrè.

Kó tó dé ẹnu ọ̀nà, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gun ọkọ̀, àkàbà okùn ló sì máa gùn. Ọ̀gákọ̀ á yí ọkọ̀ rẹ̀ kí ara ọkọ̀ lè gba afẹ́fẹ́ àti ìgbì dúró, kí ẹ̀gbẹ́ kejì lè rọlẹ̀ díẹ̀. Ọkọ̀ kékeré páílọ́ọ̀tì á sá mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn méjèèjì á jọ máa rìn ní bíi nọ́ọ̀tì mẹ́fà sí mẹ́jọ (nọ́ọ̀tì kan jẹ́ kìlómítà 1.85 ní wákàtí kan). Ìgbì á máa gbé ọkọ̀ kékeré náà sókè, á máa sọ ọ́ kalẹ̀. Ìgbà tó bá wà lórí ìgbì gan-an ni páílọ́ọ̀tì ń di àkàbà mú. Bó bá dì í mú nígbà tí ọkọ̀ kékeré wà nísàlẹ̀, ìgbì tó tẹ̀lé e á gbé ọkọ̀ náà wá bá a lẹ́sẹ̀, á sì há a mọ́ ara irin. Bó bá ti dì í mú, kò sí ìrònú mọ́, ìtẹ̀sẹ̀ mẹ́rin márùn-ún àkọ́kọ́ kíákíá ni.

Òfin àgbáyé kò fi àkàbà yìí sílẹ̀ fún àbá ẹnikẹ́ni. Láti ìtẹ̀sẹ̀ kan sí èkejì jẹ́ mìlímítà 310. Mìlímítà márùn-ún péré ló lè fi lé tàbí fi dín. Ìtẹ̀sẹ̀ mẹ́rin ìsàlẹ̀ jẹ́ rọ́bà. Àwọn pákó gígùn tó ń dá àkàbà lẹ́kun kó má baà yí gbọ́dọ̀ gùn tó mítà 1.8 ó kéré tán. Èyí tó wà nísàlẹ̀ jù jẹ́ ìtẹ̀sẹ̀ karùn-ún, kò sì gbọdọ̀ ju ìtẹ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án lọ láti ọ̀kan dé èkejì. Bí ibi tí ènìyàn máa wọlé bá ga ju mítà 9 lọ sójú omi, àkàbà okùn nìkan ò tó. Wọ́n á so ó pọ̀ mọ́ àtẹ̀gùn ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, tí ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju dígírì 45, kí pẹpẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì fi mítà márùn-ún, ó kéré tán, jìnnà sí omi.

Ohun tó ń ba àkàbà jẹ́ kì í ṣe nǹkan ìjìnlẹ̀. Oòrùn jẹ okùn, wọ́n wá fi ọ̀dà kùn ún, ojú ò rí i mọ́ pé ó ti jẹrà. Tàbí wọ́n fi irin há àkàbà mọ́ ọkọ̀ lọ́nà tó jẹ́ pé pákó ìtẹ̀sẹ̀ ló ń gbé ẹrù ara ènìyàn dípò okùn ẹ̀gbẹ́. Lọ́jọ́ kan pákó á yọ, ènìyàn á bá a lọ. Tàbí wọ́n so okùn ìfàsókè mọ́ ìsàlẹ̀ àkàbà, ọkọ̀ páílọ́ọ̀tì kọ́ ọ, ó sì já gbogbo rẹ̀ dànù pẹ̀lú ẹni tó wà lórí rẹ̀. Nígbà tí páílọ́ọ̀tì bá wòkè láti inú ọkọ̀ kékeré tó sì sọ lórí rédíò pé, "Ẹ lọ tún un so," wákàtí kan ti lọ nìyẹn. Kò ní sí ìwé ẹ́jẹ́ǹtì kankan tí ẹ ó ti rí wákàtí yẹn.

Lókè, ọ̀gákọ̀ á fún un ní ìwé kan tó ní ìròyìn ọkọ̀: imú rì tó mítà mélòó, ìdí rì tó mélòó, ẹ̀rọ wo, ìtọ́kọ̀ wo, kí ló bàjẹ́. Páílọ́ọ̀tì tó gbọ́n kì í kàn ka ìwé náà. Á ní kí wọ́n yí ìtọ́kọ̀ lójú òun. Á béèrè ìgbà ìkẹyìn tí wọ́n dán ẹ̀rọ wò bóyá ó lè lọ sẹ́yìn. Á wò ó bóyá ẹnì kan wà nídìí ìdákọ̀ró. Á tan kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ tirẹ̀, tó ní ẹ̀rọ ìtọpa tirẹ̀, nítorí pé kì í fẹ́ fi ojú ẹlòmíràn nìkan wo ibi tó wà.

Wàyí o, ìṣirò. A mú un bí àpẹẹrẹ, ká lo ọkọ̀ kọ̀ǹténà irú èyí tí Maersk kàn fún ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, WAFMAX: mítà 249 ní gígùn, mítà 37.4 ní fífẹ̀, kọ̀ǹténà bíi 4,500. Ẹ́jẹ́ǹtì yín á sọ pé ọkọ̀ rì tó mítà 12.5, pé omi sì jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wá ni páílọ́ọ̀tì ń rò? Ó ń rò pé mítà 12.5 yẹn jẹ́ ti ọkọ̀ tó dúró jẹ́ẹ́ nínú omi iyọ̀. Ọkọ̀ tó ń rìn nínú omi tí kò jìn ń fa omi kọjá lábẹ́ ara rẹ̀, omi abẹ́ rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, ọkọ̀ náà sì ń bá a lọ sílẹ̀. Nínú ọ̀nà tóóró, ní nọ́ọ̀tì mẹ́jọ, irú ọkọ̀ yìí á fi bíi mítà 0.83 rì sí i. Ní nọ́ọ̀tì mẹ́wàá, á di mítà 1.3, torí pé rírì náà ń tẹ̀lé ìyára ní ìlọ́po ara rẹ̀: bí ìyára bá di ìlọ́po méjì, rírì á di ìlọ́po mẹ́rin. Bí ọkọ̀ bá fi dígírì kan péré tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, nítorí afẹ́fẹ́ tàbí nítorí pé ó ń yí, igun abẹ́ rẹ̀ á fi mítà 0.33 lọ sílẹ̀ sí i. Omi ọ̀sà kò ní iyọ̀ tó ti òkun, pàápàá nígbà òjò tí odò Ògùn àti Ọ̀ṣun ń da omi wọn síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ omi tí kò ní iyọ̀ kì í gbé ọkọ̀ dáadáa. Ẹ fi mítà 0.15 kún un. Ìgbì tó ń gbé e sókè sódò lẹ́nu ọ̀nà, ẹ fún un ní ìdajì mítà. Ẹ rò ó pọ̀: mítà 12.5 ti di 14.3. Páílọ́ọ̀tì kò sì tíì fi àlàfo ààbò kankan kún un o.

Ibẹ̀ ni omi kíkún ti wọ ọ̀rọ̀. Ní Èkó, láàárín omi fífà àti omi kíkún, bíi mítà kan ló wà. Ó lè dà bí nǹkan kékeré lójú yín, ṣùgbọ́n ẹ ti rí ìṣirò òkè yìí. Mítà kan yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ohun mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀: ìgbà tí omi kún jù kọ́ ni ìgbà tí ìṣàn dákẹ́. Ọ̀sà tóbi, ẹnu rẹ̀ tóóró. Ó ṣì ń gba omi wọlé lẹ́yìn tí òkun ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Páílọ́ọ̀tì ń wá wákàtí tí omi jìn tó tí ìṣàn náà sì rọ̀, àkókò náà kì í sì í gùn. Ọkọ̀ tó bá pàdánù ti òwúrọ̀ á dúró fún bíi wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25 kí òmíràn tó dé.

Ká wá wọlé. Ọkọ̀ mítà 249 tó ń rìn ní nọ́ọ̀tì mẹ́jọ ń lo bíi ìṣẹ́jú kan láti kó imú àti ìdí sáàárín ògiri òkúta méjèèjì. Inú ìṣẹ́jú kan yẹn ni iṣẹ́ wà. Níta, ìṣàn òkun ń lọ sí ìlà oòrùn lẹ́bàá etíkun. Páílọ́ọ̀tì kì í kọ imú ọkọ̀ sí àárín ọ̀nà gan-an. Ó ń darí rẹ̀ sí òsì díẹ̀, sí ìwọ̀ oòrùn, kí omi fúnra rẹ̀ máa tì í padà sórí ìlà. Bí akàn ṣe ń fi ìhà rìn ni ọkọ̀ ṣe ń bọ̀. Nígbà tí imú bá bọ́ sí ààbò ògiri, ìṣàn kò rí imú tì mọ́. Àmọ́ ìdí ṣì wà níta, omi ṣì ń tì í lọ sí ìlà oòrùn. Ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí, imú á máa wá òkúta apá òsì lọ.

Páílọ́ọ̀tì tó bá dúró dìgbà tí ojú rẹ̀ rí i pé ọkọ̀ ń yí ti pẹ́ jù. Ọkọ̀ tó wúwo ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta tọ́ọ̀nù lọ, bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí, kì í gbọ́ àṣẹ ẹnikẹ́ni kíákíá. Kí imú tó kan ẹnu ògiri ni yóò ti ní kí ìtọ́kọ̀ lọ sí ọ̀tún, kí ẹ̀rọ fi agbára kún un kí omi lè lu ìtọ́kọ̀ dáadáa. Bí ìdí bá ti wọlé tán, á dá a padà sí òsì kíá kó má baà kọjá àlà, á sì dín ẹ̀rọ kù kí ọkọ̀ má baà yára débi tí rírì á fi pọ̀. Lákòókò kan náà, ìgbì tó ń bọ̀ látẹ̀yìn ń gbé ìdí ọkọ̀ sókè, ìtọ́kọ̀ àti propẹ́là ń sún mọ́ ojú omi, agbára wọn ń dín kù nígbà tí a nílò rẹ̀ jù. Kò sí nọ́ńbà tí a lè kọ sílẹ̀ fún ìdáhùn èyí, nítorí ìṣàn òní kì í ṣe ti àná. Bí omi ṣe ń fa ìrù lẹ́yìn àmì tó ń léfòó ni páílọ́ọ̀tì ń wò, á tún máa wo aago tó ń fi bí ọkọ̀ ṣe ń yá yí hàn, á sì tún tẹ́tí sí bí ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n. Ọkọ̀ tí abẹ́ rẹ̀ ti sún mọ́ iyanrìn máa ń gbọ̀n lọ́nà tirẹ̀, ó sì máa ń lọ́ra láti gbọ́ ìtọ́kọ̀.

Nínú ọ̀nà fúnra rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Commodore Channel, etí ọ̀nà náà ní agbára tirẹ̀. Bí ọkọ̀ bá sún mọ́ ọn jù, omi tó há sáàárín rẹ̀ àti etí náà á fa ìdí ọkọ̀ mọ́ra, á ti imú rẹ̀ kúrò, ọkọ̀ á sì fẹ́ já sọdá sí òdìkejì. Ẹ wá fi ọkọ̀ akérò àti ọkọ̀ apẹja tó ń já a níwájú kún un. Òfin gbà kí ojú omi tó tó ìlọ́po méjì gígùn ọkọ̀, tàbí mítà 500, èyí tó bá kéré jù, fara pamọ́ fún ẹni tó wà ní yàrá ìdarí. Fún ọkọ̀ tiwa yìí, ìdajì kìlómítà lódindi nìyẹn. Apẹja tó rò pé páílọ́ọ̀tì ń rí òun ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Ẹ lè ní, ṣebí kó tẹ búrẹ́ẹ̀kì. Kò sí. Ìlànà àgbáyé ní kí ọkọ̀ tó bá fi gbogbo agbára padà sẹ́yìn lè dúró láàárín ìlọ́po 15 gígùn rẹ̀. Fún mítà 249, ìyẹn lè tó kìlómítà 3.7, ó sún mọ́ ìdámẹ́ta Third Mainland Bridge. Ẹ̀rọ rẹ̀ pẹ̀lú kò ní jíà bíi ti dáńfó. Láti lọ sẹ́yìn, ẹ kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ pa á, kí ẹ wá tàn án padà kó yí sódì. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n há mọ́ inú àgbá irin ni wọ́n fi ń tàn án, òfin sì ní kí èyí tó wà nínú àgbá tó láti tàn án ní ìgbà 12 láìtún un rọ. Páílọ́ọ̀tì ń ka ìgbà yẹn lọ́kàn bí ẹni ń ka owó tó kù lápò kó tó délé. Nígbà tó bá sì lọ sẹ́yìn, propẹ́là máa ń gbá ìdí ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ ọkọ̀, ìdí á lọ sí òsì, imú á lọ sí ọ̀tún. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á fi ṣe iṣẹ́, á jẹ́ kó gbé ìdí sún mọ́ etí èbúté. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á kọlu nǹkan.

Afẹ́fẹ́ ńkọ́? Ògiri ni kọ̀ǹténà tí wọ́n tò lérí ara wọn jẹ́. Bí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ àti kọ̀ǹténà bá ga tó mítà 30 sókè omi, afẹ́fẹ́ nọ́ọ̀tì 20 tó ń fẹ́ lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ń tì í pẹ̀lú agbára bíi tọ́ọ̀nù 45. Ní nọ́ọ̀tì 40, á di 180. Tọ́ọ̀gì tó lágbára ń fà tó tọ́ọ̀nù 60, nítorí náà tọ́ọ̀gì mẹ́ta tó ń fi gbogbo agbára ṣiṣẹ́ kàn lè mú ọkọ̀ yẹn dúró lójú kan ni, wọn ò ní lè gbé e lọ síbì kankan. Ìdí nìyẹn tí ìjì àárín oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, tó máa ń ti ìlà oòrùn ya wọlé lójijì kí òjò tó dé, fi ń ba páílọ́ọ̀tì lẹ́rù ju òjò oṣù keje lọ. Ọyẹ́ ní tirẹ̀ kì í ti ọkọ̀, ojú ló ń bò.

Síso tọ́ọ̀gì mọ́ ọkọ̀ náà kì í ṣe eré. Bí ọkọ̀ ńlá bá ń sáré ju nọ́ọ̀tì mẹ́fà lọ, omi tó ń dà kúrò ní imú rẹ̀ lè fa tọ́ọ̀gì wá sábẹ́ rẹ̀; bí okùn bá sì fa tọ́ọ̀gì láti ìhà, ó lè dojú dé kí ẹni tó wà nínú rẹ̀ tó ké. Bẹ́ẹ̀ ni ìyára tó kéré jù lọ lórí ẹ̀rọ àwọn ọkọ̀ kọ̀ǹténà kan tó nọ́ọ̀tì mẹ́fà sí méje. Páílọ́ọ̀tì á pa ẹ̀rọ, á tàn án, á tún pa á, ó ń ná afẹ́fẹ́ inú àgbá lọ, kí àwọn ọmọ tọ́ọ̀gì lè so okùn wọn ní àlàáfíà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á yí ọkọ̀ náà sódì nínú ààyè omi kan tí fífẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ìlọ́po kan àtààbọ̀ gígùn ọkọ̀, tọ́ọ̀gì kan á máa ti imú, èkejì á máa fa ìdí. Ìkángun rẹ̀ ni sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ọkọ̀ ṣe gbọ́dọ̀ lọ́ra tó nìyẹn nígbà tó bá fara kan rọ́bà etí èbúté. Bó bá di ogún, agbára tó fi kọlù ú ti di ìlọ́po mẹ́rin.

Ti Lẹ́kí rọrùn ní apá kan, ó le ní apá kejì. Ọ̀nà ibẹ̀ jìn tó mítà 16.5, kò sì sí ọ̀sà tó ń da omi jáde lẹ́nu rẹ̀. Àmọ́ ojú òkun gbangba ló kọjú sí, ìgbì ni ọ̀tá ibẹ̀.

Ẹ ti gbọ́ nípa Ever Given, ọkọ̀ mítà 400 tó há sínú Suez ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta 2021, tí páílọ́ọ̀tì méjì wà lórí rẹ̀, tó sì dí ọ̀nà fún ọjọ́ mẹ́fà. Ẹrù àwọn kan nínú yín wà nínú àwọn tó dúró lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ dáadáa ni ti ọkọ̀ kọ̀ǹténà Dali, ní Baltimore ní Amẹ́ríkà, ní òru ọjọ́ 26 oṣù kẹta 2024. Iná ọkọ̀ náà kú nígbà tó ń sún mọ́ afárá. Láàárín ìṣẹ́jú bíi mẹ́rin, páílọ́ọ̀tì ti pe tọ́ọ̀gì, ó ti ní kí wọ́n ju ìdákọ̀ró, ó ti ní kí ìtọ́kọ̀ lọ sí òsì pátápátá, ó sì ti ránṣẹ́ pé kí wọ́n dí ojú afárá fún àwọn ọkọ̀ ilẹ̀. Ọlọ́pàá ráyè dá àwọn ọkọ̀ ojú títì dúró. Afárá wó, ènìyàn mẹ́fà tó ń tún ojú ọ̀nà ṣe lórí rẹ̀ kú. Ká ní kò ránṣẹ́ yẹn ni, wọn ì bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wáyà kan ṣoṣo tí kò wọlé dáadáa ni àwọn tó wádìí rẹ̀ rí nídìí ọ̀ràn. Gbogbo ohun tí ènìyàn lè ṣe ni páílọ́ọ̀tì ṣe, lórí ọkọ̀ tó ti fi nǹkan pamọ́ fún un.

Wáyà kò sí lọ́wọ́ yín. Ìwọ̀n ẹrù wà níbẹ̀.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù keje 2016 ni òfin àgbáyé ti ní kí kọ̀ǹténà kankan má gorí ọkọ̀ láìní ìwé ìwọ̀n tó dájú, VGM. Ọ̀nà méjì ló wà: kí wọ́n wọn kọ̀ǹténà náà lẹ́yìn tí wọ́n ti dì í tán, tàbí kí wọ́n wọn ẹrù lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi ìwọ̀n pákó àti okùn ìdẹrù kún un, kí wọ́n sì tún fi ti kọ̀ǹténà fúnra rẹ̀ kún un. Ibi ìkẹyìn yìí ni àṣìṣe pọ̀ sí. Kọ̀ǹténà ẹsẹ̀ 20 tó ṣófo wúwo ju tọ́ọ̀nù méjì lọ, ti ẹsẹ̀ 40 ju mẹ́ta àtààbọ̀ lọ. A sì mọ̀, ẹ̀yin náà mọ̀, pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó jẹ́ àṣìṣe.

Nígbà tí ọkọ̀ kọ̀ǹténà MSC Napoli fọ́ lójú òkun ní January 2007, tí wọ́n sì fà á gúnlẹ̀ sí etíkun Devon ní Ìlú Ọba, wọ́n wọn kọ̀ǹténà bíi 660 tó wà lókè ọkọ̀ tí omi kò kàn. Nínú wọn, 137 ni ìwọ̀n wọn fi ju tọ́ọ̀nù mẹ́ta yàtọ̀ sí ti ìwé. Èyí tó burú jù lọ fi tọ́ọ̀nù 20 yàtọ̀. Ẹ gbé e wá sórí ọkọ̀ wa ti òkè yìí: bíi tọ́ọ̀nù 75 ló ń mú un rì ní sẹ̀ǹtímítà kan. Bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta kọ̀ǹténà bá fi tọ́ọ̀nù mẹ́ta mẹ́ta ju ohun tí ìwé wí lọ, ọkọ̀ ti fi ogún sẹ̀ǹtímítà rì ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ọ̀gákọ̀ lè ka ìyẹn lára nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí imú àti ìdí ọkọ̀, bí ìgbì bá jẹ́ kó rí i. Ohun tí kò lè kà ni ibi tí ẹrù náà wà. Bí àwọn tó wúwo láìsọ bá bọ́ sókè, ọkọ̀ á máa tẹ̀ jù bó ṣe yẹ nígbà tó bá ń yí, yóò sì lọ́ra láti dìde. Bí wọ́n bá pọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, dígírì kan yẹn ti wà nílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tó fẹ́ rárá. Irọ́ tí wọ́n kọ ní ilé ìkẹ́rù kan ní Guangzhou á wá di sẹ̀ǹtímítà tó dín lábẹ́ ọkọ̀, láàárín ògiri òkúta méjì, lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ pé wọ́n pa á.

Nítorí náà, ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹ béèrè ìwé VGM lọ́wọ́ ẹni tó ń di ẹrù yín kí kọ̀ǹténà tó kúrò níbẹ̀, kí ẹ fi wé iye tọ́ọ̀nù tí ẹ rà gan-an, kí ẹ má sì gbà kó dín in kù nítorí owó ọkọ̀. Bó bá ń di táìlì tàbí ẹ̀rọ, ẹ ní kó tẹ́ ẹ dọ́gba sílẹ̀ kọ̀ǹténà, kó sì so ó, torí ẹrù tó yí nínú kọ̀ǹténà lójú agbami kò ní tò padà fúnra rẹ̀.

Lọ́jọ́ mìíràn tí ọkọ̀ bá dúró níta, ẹ bi ẹ́jẹ́ǹtì yín ní ohun mẹ́ta: imú àti ìdí ọkọ̀ rì tó mítà mélòó, aago mélòó ni omi máa kún, tọ́ọ̀gì mélòó ni wọ́n ti yàn fún un? Bí ó bá ní, "Páílọ́ọ̀tì ni ò wá," kò tíì dá yín lóhùn.

Tiyín ní tòótọ́,
Àwa tí a mọ iṣẹ́ páílọ́ọ̀tì lójú omi Èkó